Windows tuntun dé, ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́: bí ẹ ṣe máa wọ̀ ọ́ tí fáìlì yín ò fi ní bá a lọ

Ọmọ yunifásítì kan sáré wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Tanke, Ìlọrin, níjọ́ kan, ó gbá laptop mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara ẹ̀ ń gbóná. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ó ní òun ń ṣe update, orí 35% ló wà láti àárọ̀, ọ̀la ni mo máa defend project mi." Mo wò ó, òótọ́ ni, kinní róbótó yẹn ń yí lójú síkírínì, bátìrì ti fẹ́ tán, iná ò sì sí ní gbogbo àdúgbò. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ki cháájà bọ̀ ọ́, mo ní kó jókòó kó má fọwọ́ kan nǹkankan. Ó gbà wá tó wákàtí kan àbọ̀. Nígbà tó tàn, fáìlì ẹ̀ pé, àmọ́ laptop ò dá pírńtà mọ̀ mọ́, touchpad náà sì ń ṣe bó ṣe wù ú, ẹ fa ọwọ́ sọ́tùn-ún, á lọ sókè.

N ò tún nǹkankan ṣe níbẹ̀ o. Mo kó project ẹ̀ sórí flash, mo tẹ̀ ẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà tèmi, mo ní kó lọ sùn, kó padà wá tó bá ti defend tán. Iṣẹ́ tó ní àsìkò la kọ́kọ́ ń gbà là, wàhálà Windows lè dúró dọ̀la.

Irú ẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì ti sú mi kí n máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún kọ́sítọ́mà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Kẹ́ ẹ má rò pé laptop yín nìkan ló ń ṣe wèrè

Kò sí Windows tó dé tí kò mú àìsàn kan dání. Vista jáde fún gbogbo ayé ní January 30, 2007, àwọn tó ní pírńtà àtijọ́ ló kọ́kọ́ pariwo, torí driver wọn ò bá a mu. Driver yẹn, ẹ gbà á bí ògbufọ̀ tó dúró láàárín Windows àti pírńtà: tí Windows bá yí èdè ẹ̀ padà tí ògbufọ̀ ò sì tíì gbọ́ èdè tuntun, kò sí ẹni tó máa gbọ́ra yé. Windows 8 dé ní October 2012, wọ́n yọ bọ́tìnì Start kúrò, àwọn tó ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà Windows 95 wá ń wá ibi tí wọ́n máa gbà pa kọ̀ǹpútà, ó di ọdún kejì kí 8.1 tó dá a padà.

Èyí tó burú jù lójú tèmi ni ti 2018. Update ńlá kan fún Windows 10 jáde ní October 2, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Microsoft fúnra wọn fi dá a dúró, torí ó ń pa fáìlì àwọn kan rẹ́, títí kan Documents àti fọ́tò. November 13 ni wọ́n tó tún gbé e jáde. Windows 11 náà jáde ní October 5, 2021, kó tó pé oṣù kan, Snipping Tool tá a fi ń ya síkírínì kọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àwọn kan, torí certificate kan tó wà nínú ẹ̀ expire ní October 31.

Kì í ṣe pé wọn kì í dán an wò, wọ́n ń dán an wò dáadáa. Ṣùgbọ́n laptop tó wà láyé ò lóǹkà, ti èyí ní Wi-Fi irú kan, ti tọ̀hún ní síkírínì irú mìíràn, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ jọ síbi kan. Àwa tá a bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ la máa bá wọn parí ìdánwò náà, a ò sì ní gbowó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára laptop yín

Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ní Ìlọrin ńbí, kò sí ìtìjú nínú ẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ msinfo32, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Processor sí. Tẹ́ ẹ bá rí i5-6300U, 6 tó kọ́kọ́ wà lẹ́yìn àmì yẹn ló ń sọ fún yín pé ìran kẹfà ni. i5-8250U, ìran kẹjọ. Tó bá jẹ́ i5-10210U, 10 lẹ máa kà, kì í ṣe 1, ẹnì kan ti bá mi jà lórí ẹ̀ rí. Ìran kẹjọ Intel lọ sókè ni Windows 11 ń fẹ́, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba kéékèèké nínú ìran keje, ó tún fẹ́ RAM 4GB, àyè 64GB, àti kinní ààbò kan tó ń jẹ́ TPM 2.0. Kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá TPM wà, Windows pẹ̀lú R lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kọ tpm.msc. Tó bá ní òun ò rí i, ẹ má tíì mú un lọ ta, ó lè jẹ́ pé wọ́n pa á sínú BIOS ni, ìyẹn ibi ètò tó ń jí laptop kí Windows tó tàn.

Ti 4GB yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé e o. 4GB á gbé Windows 11 bí kẹ̀kẹ́ Marúwá ṣe ń gbé èèyàn márùn-ún pẹ̀lú àpò ìrẹsì gun òkè, ó ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ máa làágùn. 8GB àti SSD, ìyẹn dísìkì tó yára, ni kẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó dábàá ẹ̀.

Àwọn ọmọ kan á sọ fún yín pé àwọn lè lo software kan tó ń jẹ́ Rufus láti fi gbà á wọlé sórí laptop tí kò yẹ. Ó ṣeé ṣe, èmi náà ti ṣe é. Àmọ́ Microsoft ti sọ ọ́ pé àwọn ò ṣèlérí update fún irú laptop bẹ́ẹ̀, torí náà tó bá jẹ́ laptop tẹ́ ẹ fi ń jẹun ni, ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Windows 10 ti parí iṣẹ́ ẹ̀ ní October 14, 2025 ní ti update ọ̀fẹ́ tí gbogbo èèyàn ń rí gbà, àmọ́ ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò àfikún àsìkò ti Microsoft, wọ́n á ṣì máa fún un ní ti ààbò títí October 13, 2026. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbogbo ìyẹn lè dán Linux Mint wò, ètò ọ̀fẹ́ tá a lè lò dípò Windows, laptop tó ti ń ré ìrìn máa ń jí padà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n Microsoft Word ò ní tẹ̀ lé yín débẹ̀, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó ẹrù yín jáde kẹ́ ẹ tó wó ilé

Ẹ jẹ́ n sọ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Bàbá kan tó ń hun òfì gbé laptop wá pé kí n bá òun fi Windows tuntun sí i. Mo ṣe bí ọ̀gá, mo kó Desktop, mo kó Documents, mo kó Pictures, mo kó Downloads, mo wá format ẹ̀ fàà. Nígbà tí bàbá dé, ó ní àwọn fọ́tò àpẹẹrẹ òun ńkọ́, ti ọdún mẹ́fà, èyí tóun fi ń han àwọn tó fẹ́ dáṣọ ìgbéyàwó. Àṣé inú fódà kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí sínú C gan-an ló kó o sí, ó pe orúkọ ẹ̀ ní "OFI". N ò wò ó. N ò bi í. Mo fi software tó ń wá fáìlì padà wá a fún ọjọ́ méjì, ìwọ̀nba la rí, èyí tó pọ̀ jù ti lọ. Bàbá ò bú mi, ó kàn ní "ó dáa," ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Látọjọ́ yẹn, kí n tó fọwọ́ kan laptop ẹnikẹ́ni, mo máa ń ní kó jókòó tì mí kó fi ibi tó ń kó nǹkan sí hàn mí. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara yín: ẹ ṣí C, ẹ wo gbogbo fódà tí kì í ṣe ti Windows. Ẹ ṣí D tó bá wà. Password tó wà nínú Chrome ńkọ́, ṣé ẹ ti fi Gmail yín wọlé síbẹ̀? Fonts tẹ́ ẹ dìídì wá? Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí hard disk tí a ń gbé kiri, kẹ́ ẹ wá ṣí fáìlì bíi mẹ́ta níbẹ̀ wò, torí mo ti rí flash tó ń sọ pé òun ti gbà á tán, òfìfo ló kó wálé.

Kinní kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Laptop míì, Windows ti fi BitLocker, àgádágodo tó ń tì fáìlì pa, tì í láìjẹ́ pé ẹ ní kó tì í. Tí nǹkan bá yí padà nígbà update, ó lè kọ síkírínì búlù síta pé kẹ́ ẹ mú key wá, nọ́ńbà 48 ni, kì í sì í gba àwáwí. Inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí laptop ló máa ń wà, ní account.microsoft.com/devices/recoverykey. Wàhálà tiwa ńbí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá yín fi Windows sí i lọ́jà ló lo ímeèlì tara ẹ̀. Ẹ wò ó nísìnyí tí nǹkan ṣì dáa: Settings, Accounts, ẹ wo ímeèlì tó wà níbẹ̀. Tí kì í bá ṣe tiyín, ẹ yí i sí tiyín, kẹ́ ẹ rí i dájú pé key tó wà fún laptop náà ti hàn lábẹ́ orúkọ yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé gidi ni mo wí, kì í ṣe inú laptop kan náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dátà àti iná

Windows odidi, ọ̀pọ̀ GB ni, tẹ́ ẹ bá sì wà lórí hotspot fóònù, ẹ ò ní mọ ìgbà tó máa fi jẹ dátà oṣù kan tán. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, ẹ tẹ Wi-Fi tẹ́ ẹ ń lò, ẹ tan Metered connection. Kò ní wa update ńlá wọlé láìgbàṣẹ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀, ẹ fi Media Creation Tool, software Microsoft fúnra wọn, wa Windows sórí flash 8GB tó ṣófo, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ lè fi ṣe ti gbogbo ilé. Ní ti iná, ẹ má bẹ̀rẹ̀ tí bátìrì ò bá kún, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ lójú ọjọ́ tí òjò ń ṣú. Tó bá ti wà lórí ìpín kan tí kò kúrò, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán kẹ́ ẹ tó ronú àtipa á. Tí iná kékeré tó wà lára laptop bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ dúró ná

Settings, Windows Update, Pause updates, ẹ lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Òfin tèmi ni pé mi ò ní wọ Windows tuntun títí àtúnṣe oṣooṣù méjì á fi kọjá lórí ẹ̀. Ọjọ́ Tàláátà kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń tú u sílẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́ tiwa, dédé ìgbà tí à ń múra ìrun Màgàríbì. Nítorí náà ẹ má fi iṣẹ́ tó ṣe kókó sí òru ọjọ́ yẹn. Microsoft tún máa ń kọ àwọn àìsàn tí wọ́n ti mọ̀ síta lábẹ́ orúkọ Windows release health, ẹ wá a lórí Google kẹ́ ẹ kà á bóyá irú laptop yín wà lára ẹ̀. Ìgbà míì, tí Windows bá ní laptop yín ò tíì yẹ fún update kan, kì í ṣe ìkórìíra, wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan máa bà jẹ́ lórí irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe dì í mú. Ẹ má fagídí wọlé.

Ẹni tí pause ò bá sí fún, tí ó ti wọlé tán, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí èyí tó kàn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ kìíní nínú ilé tuntun

Ó máa falẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, fáànù á máa ké. Ó ń to fáìlì yín lẹ́sẹẹsẹ ni, ẹ fún un ní ọjọ́ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó bú u.

Tí Wi-Fi bá sọnù: ẹ so fóònù mọ́ laptop pẹ̀lú wáyà, ẹ tan USB tethering lórí fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé láìsí Wi-Fi, kẹ́ ẹ wá fi wa driver Wi-Fi ọ̀hún. Mo ti rí ẹni tó wọ mọ́tò láti Òmù-Àrán wá sí Ìlọrin lórí kinní yìí, wáyà cháájà tó wà nínú báàgì ẹ̀ la fi parí ẹ̀.

Tí pírńtà bá kọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá nínú Printers & scanners, ẹ fa wáyà ẹ̀, ẹ lọ wa driver lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe pírńtà náà gan-an, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá so ó padà.

Àwọn àmì orí Taskbar, ìlà tó wà nísàlẹ̀ síkírínì, tó lọ dúró sí àárín nínú Windows 11, tó ń bí àwọn àgbà nínú: ẹ fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, Taskbar settings, Taskbar behaviors, Taskbar alignment, Left. Èyí tẹ́ ẹ bá fi ọ̀tún tẹ fáìlì tí ohun tẹ́ ẹ ń wá ò sí níbẹ̀, ẹ di Shift mú kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, gbogbo ti àtijọ́ á jáde.

Ti kíbọ́ọ̀dù ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Alfa kan tó ń tẹ wàásù Jímọ̀ ẹ̀ ní Yorùbá àti Lárúbáwá pè mí ní kùtùkùtù, ohùn ẹ̀ le: "Ẹ wá wo laptop yìí o, mo tẹ a, ó gbé ش wá, àfi bí ẹni pé nǹkan wọ inú ẹ̀." Mo ní, "Alfa, ẹ fara balẹ̀, ẹ di bọ́tìnì Windows mú, ẹ tẹ Space." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó ti padà. Subuhanallahi." Ọwọ́ wọn ló ṣèèṣì kan Alt pẹ̀lú Shift, ìyẹn náà máa ń yí kíbọ́ọ̀dù. Tó bá jẹ́ pé ẹ format ni, kíbọ́ọ̀dù méjèèjì á ti lọ: Settings, Time & language, Language & region, Add a language, ẹ mú Yorùbá, ẹ mú Lárúbáwá, kẹ́ ẹ tún fonts yín fi sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: tó bá ń ṣe ségesège

Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ wá dán an wò. Àwọn tó máa ń yọ antivirus, tí wọ́n yí driver, tí wọ́n tún run àṣẹ márùn-ún tí wọ́n rí nínú fídíò, tó bá dáa wọn ò ní mọ ohun tó wò ó sàn, tó bá burú sí i wọn ò ní mọ ohun tó bà á jẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ perfmon /rel. Kàlẹ́ńdà kan á ṣí, àmì X pupa ni ọjọ́ tí nǹkan kú, ó sì máa ń fi ohun tí wọ́n fi sí i lọ́jọ́ náà hàn. Tí X bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tí driver kan wọlé, ẹ ti mú olè. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú X, Device Manager, ẹ wá kinní náà, Properties, Driver, Roll Back Driver. Tó bá jẹ́ update oṣooṣù ni, Settings, Windows Update, Update history, Uninstall updates. Síkírínì tó dúdú lójijì tí laptop ṣì ń ké lábẹ́: Windows, Ctrl, Shift àti B papọ̀, á ṣẹ́jú, á padà.

Tí Windows fúnra ẹ̀ bá dà bíi pé ó ti ṣá, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, tó bá parí kẹ́ ẹ kọ sfc /scannow. Èyí tí kò tilẹ̀ tàn dé ojúlé mọ́, ẹ tàn án, tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ẹ fi bọ́tìnì pa á, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta, ìgbà tó kàn á gbé yín lọ sí Troubleshoot, Advanced options, Uninstall Updates. Ibẹ̀ gan-an ló ti lè bèèrè key 48 yẹn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ lè padà, àmọ́ ilẹ̀kùn ń tì

Tẹ́ ẹ bá wọ Windows tuntun láti inú ti àtijọ́ láìformat, ti àtijọ́ ṣì wà nínú fódà Windows.old. Ọjọ́ 10 péré ni wọ́n fún yín: Settings, System, Recovery, Go back. Mo máa ń fi kún un lọ́jọ́ kìíní, ẹ kọ eléyìí sínú Command Prompt ti administrator: DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60. Ó di ọgọ́ta ọjọ́. Ẹ ṣọ́ra fún Disk Cleanup ní gbogbo àsìkò yìí, tẹ́ ẹ bá tẹ Previous Windows installations nítorí àyè, ẹ ti fọwọ́ ara yín wó afárá. Fáìlì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ẹ kó o síta kẹ́ ẹ tó padà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ sọ fún wọn

Windows pẹ̀lú F ló ń ṣí Feedback Hub. Ẹ̀yin ẹ̀ ń rò pé kò sẹ́ni tó ń kà á. Ti 2018 tó ń pa fáìlì yẹn, àwọn kan tí ń lò ó ṣáájú ti sọ ọ́ níbẹ̀ kó tó jáde, ó kàn sọnù sáàárín èyí tó pọ̀ ni, ìgbà tó bà jẹ́ tán ni Microsoft fi ibi téèyàn lè ti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó kún un. Ẹ má kàn kọ "kò ṣiṣẹ́". Ẹ kọ irú laptop, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ winver, kẹ́ ẹ da nọ́ńbà tó bá gbé jáde kọ síbẹ̀, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ tẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ń retí, ohun tó ṣe. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹnì kan ti sọ ọ́, ẹ fi ìbò yín kún tiẹ̀.

Ọmọ ìjọ́sí padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ti defend, ó ra wàrà wá fún wa. Driver touchpad la yí padà sí ti tẹ́lẹ̀, kò gbà wá ní ìṣẹ́jú márùn-ún, pírńtà ló gba àkókò díẹ̀. Mo ní ó ti parí, kó máa lọ. Kò dìde. Ó ní kí n kọ́kọ́ fi ibi tí Pause wà han òun.